Cicero ní ogbó ò burú, ṣé òótọ́ ni fún ẹni tí ò lówó?

Ajíkẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ìwé kékeré tí Cicero, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú Róòmù àtijọ́ yẹn, kọ lórí ọjọ́ ogbó ni mò ń kà lọ́wọ́, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù ló kọ ọ́, òun náà ti lé ní ọmọ 60 ọdún nígbà yẹn, Atticus ọ̀rẹ́ ẹ̀ látìgbà èwe ló kọ ọ́ fún. Cato Àgbà, olóṣèlú Róòmù tó gbé ayé ṣáájú ẹ̀, ló fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, bàbá ẹni ọdún 84, táwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì jókòó tì tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí ò ráhùn ogbó rárá. Cato ní ẹ̀sùn mẹ́rin làwọn èèyàn fi ń kan ogbó: ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó ń sọ ara di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó ń gba fàájì lọ́wọ́ ẹni, ikú ò sì jìnnà mọ́. Ibi tó ti dáhùn àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù, ó ní ẹni tó bá sọ pé àgbà ò wúlò mọ́, àfi bí ẹni tó ní atukọ̀ ò ṣe nǹkan kan nínú ọkọ̀, torí pé àwọn kan ń gun òpó, àwọn kan ń sáré kiri, àwọn kan ń gbọ́n omi, òun jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ó di ìtọ́kọ̀ mú.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Cato yìí sẹ́nétọ̀ ni, ó lóko, ó lẹ́rú. Bàbá tèmi ti fẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì wọn ò wọlé déédéé, orúnkún ń dùn wọ́n, pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ tí wọn ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí lè wúlò fún irú wọn àbí ọ̀rọ̀ olówó lásán ni?

Tíṣà Àgbà:
Ajíkẹ́ ọmọ mi, o káre. Láyé tiwa ní gírámà wọ́n ń kọ́ wa ní Látìnì, torí náà inú mi dùn láti rí ìbéèrè yìí. Pada sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, wàá rí i pé Laelius, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn, bi í ní ìbéèrè tìrẹ gan-an, ó ní bóyá torí owó àti ipò yín ni ogbó fi rọrùn fún yín. Cato ò purọ́. Ó ní bí èèyàn bá tòṣì pátápátá ogbó ò lè fúyẹ́ fún un kódà kó gbọ́n, àmọ́ òmùgọ̀ tó rì sínú owó, ogbó á ṣì wúwo fún òun náà. Nítorí náà owó wà níbẹ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má tàn ẹ́.

Àmọ́ wo nǹkan tí Cato ń ṣe tí kò náni lówó. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ òun máa ń rántí gbogbo ohun tóun sọ, tóun gbọ́, tóun ṣe lọ́jọ́ náà, kí ọpọlọ òun má baà dógùn-ún. Bó ti dàgbà tó yẹn ló lọ kọ́ èdè Gíríìkì. Ó tún sọ ìtàn Sophocles, tó ń kọ eré orí ìtàgé ní Áténì, táwọn ọmọ ẹ̀ pè lẹ́jọ́ pé orí bàbá ti dàrú kí wọ́n gba ohun ìní lọ́wọ́ ẹ̀, bàbá kàn ka eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sétígbọ̀ọ́ àwọn adájọ́, ó bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ ẹni tórí ẹ̀ dàrú nìyí, wọ́n dá a sílẹ̀.

Fẹ́mi_Òkè:
Tíṣà, ẹ kú àlàyé sà, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká gbé Cato gẹ̀gẹ̀ jù o. Cato gidi, kì í ṣe èyí tí Cicero ń fi sọ̀rọ̀, òun náà kọ ìwé lórí iṣẹ́ oko, ó sì wà níbẹ̀ kedere pé kí olóko ta màlúù tó ti gbó, kó ta irinṣẹ́ tó ti gbó, kó ta ẹrú tó ti darúgbó àti ẹrú tó ń ṣàìsàn. Lójú kan náà pẹ̀lú irinṣẹ́! Èèyàn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ sìn ẹ́. Plutarch, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì àtijọ́, náà bínú sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní òun ò ní ta màlúù tó bá òun ṣiṣẹ́ torí pé ó darúgbó, kí ló wá kù tóun á ta èèyàn. Tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ atukọ̀ yẹn, ohun tí mò ń rò ni àwọn tó ń gbọ́n omi, ta ló ń bi wọ́n báwo ni ogbó tiwọn ṣe rí? Ìwé náà dáa, mi ò ní kí Ajíkẹ́ má kà á, àmọ́ kó mọ ẹni tí wọn ò pè síbi ìjókòó yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ lo sọ Fẹ́mi. Èmi ní tèmi, ìwé kejì ni mo fẹ́ kí Ajíkẹ́ gbé, èyí tí Cicero kọ lórí ọ̀rẹ́ lọ́dún kan náà, fún Atticus yìí náà. Laelius ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Scipio, ọ̀dọ́ kejì tó jókòó ti Cato níjọ́sí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ní 129 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní kì í ṣe torí àìní la ṣe ń yan ọ̀rẹ́, ìwà ọmọlúàbí tá a rí lára ẹnì kejì ló ń fà wá, àti pé èèyàn méjì gbọ́dọ̀ jọ jẹ òṣùwọ̀n iyọ̀ púpọ̀ kí ọ̀rẹ́ wọn tó pé. Ó tún ní ká má bẹ ọ̀rẹ́ níṣẹ́ ìtìjú, bó bá sì bẹ̀ wá ká má ṣe é. Ọkùnrin kan wà, Blossius, lẹ́yìn tí wọ́n pa Tiberius Gracchus, olóṣèlú Róòmù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó wá tọrọ àforíjì, Laelius ní tí Gracchus bá ní kó o lọ dáná sun tẹ́ńpìlì Capitol ní Róòmù ńkọ́? Blossius ní Gracchus ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé, ṣùgbọ́n ká ní ó sọ ọ́, màá ṣe é. Laelius ní ọ̀rọ̀ burúkú gbáà nìyẹn.

Ajíkẹ́, mo ń sọ eléyìí torí pé nígbà tí Tullia ọmọ Cicero kú ní 45 ṣáájú ìbí Jésù, ilé Atticus yẹn ló kọ́kọ́ sá lọ. Lẹ́yìn náà ló tó lè jókòó kọ̀wé. Cicero gan-an ò gbó tó Cato, wọ́n pa á ní December 43 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ẹ dà?

Ajíkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an mà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, láti ìgbà tí wọ́n ti kó kúrò ládùúgbò ni wọn ò ti ríra mọ́. Màá wá nọ́ńbà wọn lálẹ́ yìí. Tíṣà, ojú bàbá ò ríwèé dáadáa mọ́, tí n bá fẹ́ máa kà á sí wọn létí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sà?

Tíṣà Àgbà:
Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ oko. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ọwọ́ àjàrà kó má baà ya kiri, ó sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ó kàn ń bá a lọ ni, títí òun fúnra ẹ̀ fi ní kí wọ́n forí jin òun, pé àgbà a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá á dá sí i.