Ọ̀rọ̀ máòsì géèmù mi ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bi yín pé máòsì tí kò ní wáyà wo ni kí n rà fún World of Warcraft, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí à ń ta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti mú Razer Naga V2 HyperSpeed.

Bọ́tìnì 12 ló wà níbi àtàǹpàkò. Idán, òògùn, ẹṣin inú géèmù, gbogbo rẹ̀ ni mo tò síbẹ̀. Ọwọ́ òsì kàn ń fi kíbọ́ọ̀dù rìn kiri nínú géèmù ni. Lóòótọ́, àtàǹpàkò mi ṣì máa ń fi 8 pe 5 nígbà tí ìjà bá gbóná.

Naga V2 Pro tí ẹ̀gbọ́n kan dárúkọ dára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ sí bọ́tìnì 2, 6 tàbí 12. Àmọ́ chájì ló ń fẹ́, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá l'Óṣogbo. Bátìrì AA kan ṣoṣo ni tèmi ń lò, mo lè rà á l'Ọ́jà Ọba nígbàkígbà.

Ó tóbi o, ọlọ́wọ́ òsì ò sì lè lò ó. Dongle rẹ̀ (nǹkan kékeré tí à ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà) ni kẹ́ ẹ fi máa ta géèmù, kì í ṣe Bluetooth. Ẹ ṣé gan-an, mo ti dáhùn ara mi.