Sáìtì kilọ́ọ̀bù wa ti padà o
Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ sáìtì kilọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù wa tí mo béèrè lọ́jọ́sí, tójú ewé àkọ́kọ́ ń ṣí àmọ́ tí gbogbo ìyókù ń gbé 404 jáde (ìyẹn ni pé wọn ò rí ojú ewé náà) látìgbà tá a ti kó WordPress wa, ètò tá a fi ṣe sáìtì náà, lọ sórí hosting tuntun (ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé sáìtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ó ti yanjú o! Fáìlì .htaccess, èyí tó ń júwe fún sáfà bó ṣe máa rí àwọn ojú ewé, ni ò bá wa débẹ̀, torí dọ́ọ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà kan sì máa ń fi irú ẹ̀ pamọ́, èmi tí mò ń kó ẹrù ò wá rí i. Mo wọ Settings nínú WordPress, mo tẹ Permalinks (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àdírẹ́sì àwọn ojú ewé), mi ò yí nǹkan kan padà, mo kàn tẹ Save Changes, ni WordPress bá kọ .htaccess mìíràn fúnra ẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ wa ti yọ padà, inú mi dùn gan-an ni. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn.