Ta ni "ni" inú ìpániláyà? Lórí ẹni tó ń fi májèlé inú oúnjẹ dúnkokò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tí àǹtí wa ní Kétu, níhìn-ín ní ilẹ̀ Benin, gbé kalẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ń tú ìròyìn kan sí Yorùbá fún rédíò, wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí à ń pe ẹni tó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kan pé òun yóò bu májèlé sí wàrà inú agolo bí wọn kò bá ṣe ohun tí òun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ ní kí wọ́n pè é ní agbésùnmọ̀mí, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹlòmíràn ṣẹ̀dá "ìfoúnjẹpániláyà" fún un, ìyẹn fífi oúnjẹ pá ni láyà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú agbésùnmọ̀mí ná. Rédíò Nàìjíríà ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nígbà tí Boko Haram gbòde. Ọ̀rọ̀ ogun ni sùnmọ̀mí: kí àwọn kan já lu abúlé lójijì, kí wọ́n kó èèyàn, kí wọ́n kó ẹrù. Kétu tí Dàhòmì fọ́ ní 1886 mọ ìyẹn ju rédíò lọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí pe àwọn tó ń já lu àwọn sọ́jà wa lókè ní àríwá Benin, ní Àlìbórì àti Àtàkórà, ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ tó ń tẹ lẹ́tà, sùnmọ̀mí wo ló gbé? Gbogbo ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí ojú òun.

Ìfoúnjẹpániláyà ṣòro láti sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí mo bá a ní. Ta ni "ni" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí lẹ́tà bá lórí tábìlì ni, àbí ìyá ọmọ tó fẹ́ ra wàrà? Yorùbá wa kò sọ, nítorí "ni" gba ẹnì kan, ó gba ẹgbẹ̀rún. Òfin, ní tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló tẹ ojú mọ́. Òfin tí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2000 kò ní kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tán kó tó di terrorisme, èyí tí à ń pè ní ìpániláyà. Ìdúnkokò nìkan tó. Ṣùgbọ́n ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti fi yí ìjọba lọ́kàn padà tàbí láti dẹ́rù ba aráàlú, kó sì jẹ́ nítorí ìṣèlú, ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí èrò kan tí olúwarẹ̀ ń gbé lárugẹ. Ti Faransé tilẹ̀ dárúkọ oúnjẹ: ẹni tó bá fi ohun tó lè ṣe ara ní jàǹbá sínú oúnjẹ, bó bá jẹ́ láti fi ẹ̀rù da ìlú rú, terrorisme ni wọn ó kà á sí lọ́rùn. Ìlú ni òfin méjèèjì ń wò. Nítorí náà, bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún terrorisme fúnra rẹ̀, mo dábàá ìpálùúláyà, ìyẹn pípá ìlú láyà, bí a ti ń sọ atúnlùúṣe àti adàlúrú. "Ìlú" ti wà nínú rẹ̀, kò sí pé à ń wá a kiri.

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ yóò ní ẹ̀rù ni ẹ̀rù ń jẹ́, pé ìyá ọmọ kò béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ lẹ́tà. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní March 1989, wọ́n tẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Santiago, ní Chile, pé májèlé wà nínú èso tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ayẹ̀wò rí sáyánáìdì díẹ̀ lára ẹyọ èso àjàrà méjì péré ní Philadelphia. Wọ́n dá èso Chile dúró, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ta ló dé wọn ládé ìyà yẹn? Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù nìkan bá ni òṣùwọ̀n, adigunjalè tí kò jẹ́ kí àdúgbò kan sùn ńkọ́? Òun náà ń páni láyà, síbẹ̀ adigunjalè là ń pè é, kò sì sí ẹni tó rò pé orúkọ yẹn fúyẹ́.

Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ni pé àwọn tó ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń wọ aṣọ aláṣọ. Ní ìparí 2014, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ Fonterra, ilé iṣẹ́ wàrà ńlá ní New Zealand, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Wàrà oníyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú 1080, májèlé tí ìjọba ń lò láti pa àwọn ẹranko tó ń ba igbó jẹ́. Ó ní kí ìjọba dẹ́kun lílo 1080 kí March 2015 tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò fi í sínú wàrà ọmọ ọwọ́. Ẹ ka lẹ́tà yẹn bó ṣe wà: ìjọba ló ń bá wí, igbó ló ní òun ń gbèjà, ìlú ló fẹ́ pá láyà. Ìpálùúláyà pọ́ńbélé! Nígbà tí ọwọ́ tẹ ọ̀gbẹ́ni náà, ó hàn pé ó ń jèrè lórí májèlé mìíràn tó ń bá 1080 du ọjà. Ní 2016 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀, ẹ̀sùn ìdúnkokò-gba-nǹkan ni.

Ó jọ ti darandaran kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi irin wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ní ilé ìtajà Tesco, ó fi orúkọ àgbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lórí owó wàrà bojú, ó sì ń béèrè mílíọ̀nù kan ó lé pọ́n-ùn ní bitcoin, owó orí ẹ̀rọ ayélujára. Ọdún 14 ni wọ́n dá fún un ní 2020. Ti Jámánì kò fi nǹkan kan bojú ní tirẹ̀: ní 2017, ní Friedrichshafen, ó fi májèlé sí ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́ márùn-ún, ó ní kí wọ́n san ju mílíọ̀nù 10 yúrò lọ. Ọdún 12 àtààbọ̀ ni wọ́n dá fún un ní 2018. Ṣé ẹ rí i, kò di dandan kí a pe èèyàn ní terroriste kí ìyà tó tó ìyà.

Àkíyèsí kan tí n kò lè gbé mì: ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ní 1984, àwọn ọmọ ẹ̀sìn Rajneesh da kòkòrò àìsàn sí sàláàdì ní ilé oúnjẹ mẹ́wàá, èèyàn 751 sì ṣàìsàn. Nítorí ìbò ìbílẹ̀ ni, kí àwọn ará ìlú má lè jáde dìbò. Ìṣèlú nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ lẹ́tà, wọn kò halẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ rárá. Ìpáyà dà níbẹ̀? Terrorisme ni wọ́n ń kà á sí lónìí, ọ̀rọ̀ Yorùbá èyíkéyìí tó ní "láyà" nínú kò sì lè bò ó tán, tèmi náà kò lè bò ó.

Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni mò ń ka ìròyìn náà. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá owó ló ń wá tàbí ìlú ló fẹ́ dà rú. Nítorí náà ẹ má sọ ọ́ lórúkọ, ohun tó ṣe ni kí ẹ sọ: "Ẹnì kan ń fi májèlé dúnkokò mọ́ ilé iṣẹ́ wàrà." Mo yan dúnkokò nítorí ẹni tó ń halẹ̀ lè máa fọ́nnu lásán. Bó bá ti béèrè owó, ẹ fi kún un pé ó fẹ́ lọ́ wọn lọ́wọ́ gbà. Ilé ẹjọ́ tó wà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti 2018, tí wọ́n ń pè ní CRIET, ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀ ajé àti terrorisme ló ń gbọ́ pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, síbẹ̀ wọ́n fi "àti" pín wọn lẹ́nu orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ ló máa mú ọ̀kan.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí ibi tí màá fi sí. Ẹni tó kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé tòmátì ọjà Wàndó ní májèlé, tí kò béèrè owó, tí kò bá ìjọba wí, tí àwọn obìnrin wa sì gbé igbá wọn padà sílé láìtà. Adàlúrú ni mo fẹ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ, ṣé ẹ gbà, àbí ẹ ní òmíràn?