LDL (ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́róòlù burúkú inú ẹ̀jẹ̀) kò wálẹ̀ tó, itan sì ń ro màmá: oògùn wo ló kàn?
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá ẹni ọdún 61 kan ní Kabba ni o. LDL wọn jẹ́ 190 mg/dL. Atorvastatin (oògùn statin tó ń dín LDL kù) 40 mg lálaalẹ́ gbé e wá sí 102, àmọ́ itan méjèèjì ń ro wọ́n. CK (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìpalára iṣan ara hàn) kò ga, táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn) dára. A dín oògùn náà sí 20 mg: ìrora lọ, LDL gòkè sí 114.

Wọ́n ti dín epo ọbẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́róòlù ara. Ẹnìkan tún ń polówó oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní “stem cell” fún wọn pé yóò fọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Irọ́ gbuu!

Ṣé ká fi ezetimibe 10 mg (oògùn tí kì í ṣe statin, tó ń dín LDL kù) kún atorvastatin 20 mg náà, àbí ká yí sí rosuvastatin 5 mg (statin mìíràn)? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú.