Mo ti ṣèrìbọmi tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ di Kátólíìkì: báwo ni mo ṣe máa múra ìjẹ́wọ́?
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n di Kátólíìkì, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ò tíì ṣèrìbọmi rárá, òru Àjíǹde ni wọ́n máa rì wọ́n bọmi. Èmi ti ṣe tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń bọ̀, omi ni wọ́n lò, lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, torí náà fádà ní wọn ò ní tún un ṣe, inú mi sì dùn sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí n tó gba kọnfamáṣọ̀n (ìfìdímúlẹ̀ ìgbàgbọ́) àti Kòmúníọ̀n, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí mo bá rántí látìgbà ìrìbọmi, ọmọdé ṣì ni mí nígbà yẹn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àbí fádà ló ń bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan? Àti sponsor náà, ìyẹn Kátólíìkì tó máa dúró tì mí nígbà kọnfamáṣọ̀n, wọ́n ní kò lè jẹ́ òbí ẹni, kò sì sí Kátólíìkì kankan nínú ẹbí mi, ta lẹ̀yin mú?