Kí ni ìtumọ̀ “àkàrà”, níbo sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ará Bùràsíìlì tí wọ́n wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ra àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì ń pè é ní “acarajé”. Wọ́n ní “acará” ni ìṣù iná, pé “jé” sì ni jíjẹ. Èmi kò gbọ́ ọ rí nílé wa pé àkàrà ń jẹ́ iná. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ìyá Alákàrà, Ìgbọ̀nà
Ọmọ mi, iná wà lábẹ́ agbada, kò sí nínú orúkọ. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì dín nínú epo ni àkàrà. Bí a bá we ẹ̀wà kan náà sínú ewé tí a sè é, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, kì í ṣe àkàrà mọ́. Pípò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: ọwọ́ kan náà ni a ó máa fi pò ó títí yóò fi fúyẹ́, tí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, bí a bá ti dà á sínú epo gbígbóná ni yóò fọ́n ká, ibẹ̀ ni a sì ti ń sọ pé àkàrà tú sépo.

Olùkọ́ Èdè
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Mo ti gbọ́ àwọn tí ń pín ọ̀rọ̀ náà sí “à-ká-rà”, kí wọ́n lè rí “ká” fà yọ, ṣùgbọ́n ohùn kò gbà fún wọn, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ni sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkàrà. Ní èrò tèmi, ọ̀rọ̀-orúkọ ìpìlẹ̀ ni, a kò ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kankan.

Ti “acarajé” ni ó dùn mọ́ mi jù. Nínú gírámà wa, ọ̀rọ̀-ìṣe ní í ṣíwájú àbọ̀: “jẹ àkàrà” ni à ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìpolówó: “Ẹ wá ra àkàrà jẹ!” Níbẹ̀, àkàrà ṣíwájú jẹ, gbólóhùn náà sì tọ́. Mo gbà pé ìpolówó yìí ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bahia ní Bùràsíìlì, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá fi gbọ́ ọ bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in níbẹ̀ títí di òní, Ọya, ìyàwó Ṣàngó, ni wọ́n sì ń fi bọ, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé wọ́n rí iná nínú rẹ̀. Abará wọn, tí wọ́n ń we sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sè é, bá ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Ìyá wí mu. Ìjọba wọn ti ka iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta acarajé mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Ọmọ Ìjọ
Ẹ̀yin Olùkọ́, ṣé ti dídín nìkan ni ọ̀rọ̀ náà? Bíbélì Yorùbá ní “àìwúkàrà” àti “ìwúkàrà”, a sì ń pe kéèkì ní àkàrà òyìnbó. Ṣé ìlú Accra ní Gánà náà gba orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀ ni?

Olùkọ́ Èdè
Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ń wá orúkọ fún búrẹ́dì, ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n mú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń mú àkàrà wú fi di ìwúkàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkàrà wa kò lo ohun tí ń mú un wú. Ìlú Accra kò bá a tan: “nkran”, orúkọ èèrà ní èdè Akan, ni wọ́n sọ pé ó ti wá. Accra tí ó bá àkàrà wa tan ni oúnjẹ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Trinidad, erékùṣù kan ní Karibíánì, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ dín.