Òrùka olókùúta: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé owó rẹ̀ tọ́?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo rí òrùka fàdákà kan nítòsí Tákíè, òkúta rẹ̀ pọ́n bíi sóbò. ₦200,000 ni ọlọ́jà pè é. Ó ní tourmaline ni, irú òkúta iyebíye kan, pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wà á. Òótọ́ ni pé ní 1998, òkúta pupa yẹn jáde lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí tọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo ní kó tú owó náà sí mẹ́ta fún mi: èló ni fàdákà, èló ni iṣẹ́ ọwọ́, èló ni òkúta? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi náà ń tà ni. Gíráàmù mẹ́fà ni òrùka náà lórí òṣùwọ̀n, wọ́n tẹ 925 sínú rẹ̀, ìyẹn àmì pé 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó fàdákà. Mo yẹ iye fàdákà wò lórí fóònù, mo rí i pé òkúta ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Káràtì mẹ́ta ló pè é. Káràtì márùn-ún ló ń jẹ́ gíráàmù kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ góòlù, Ọ̀yọ́:
Ìyá wa, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gba ojú òkúta wo àwọn ìlà tí wọ́n gé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ tourmaline, ìlà kan á dà bíi méjì. Ti gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ róbótó tó há sínú rẹ̀ lẹ sábà máa rí. Tourmaline tó pupa kì í sábà mọ́ gaara. Àwọn kan ń fi òróró dí ẹ̀là inú rẹ̀. Kò burú bí wọ́n bá sọ, àmọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Àrada:
Èmi ò ní í béèrè iye tó ń tà á nìkan. Èló ló máa rà á padà lọ́wọ́ yín lọ́la?

Ìyá Ìbejì:
Mo bi í. ₦40,000! Mo kọ ẹ̀yìn sí i, ó pè mí padà, ó ní kí n mú ₦95,000 wá.

Alágbẹ̀dẹ góòlù:
Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ ní kó kọ orúkọ òkúta àti káràtì rẹ̀ sínú rìsíìtì, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé.